Omi Tí Wọn Kò Fún Ẹtu

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o!
Ààlọ̀, a ti jókòó!

Àlọ́ mi rìn títí, ó bá Ẹtu lọ́nà. Ọdẹ ti dáná sun igbó wọn, ó sì sá dé ìlú Erin. Bí wọ́n bá lé e padà, ó kú nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Erin ọba bi í pé, “Kí lo sá fún?” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, ohùn kò jáde.

“Olè ni,” Ìkookò wí. “Ẹ lé e.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ dìde. “Kábíyèsí, láti ìgbà wo la ti ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àlejò tí kò tíì mumi?”

Ojú ti Erin, ó fúnra rẹ̀ bu omi. Ẹtu mu ún, ó kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Iná jólé mi o.
Ẹ gbà á sílé!
Ọdẹ ń bọ̀ lẹ́yìn o.
Ẹ gbà á sílé!

Kí orin tó tán, Erin ti fún un nílé. Ẹ̀yin ọmọ, bí àlejò bá dákẹ́, ẹ kọ́kọ́ bu omi fún un.