Ẹ̀gà Tó Lọ Yáná Ìràwọ̀

"Ààlọ́ o!"
"Ààlọ̀!"

Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ mi fò kọjá òṣùpá, ó balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀ pupa kékeré kan. Àwọn àpáta ńlá ń yí i ká, afẹ́fẹ́ sì bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí aṣọ.

Ọyẹ́ mú. Ẹ̀gà aláròyé kó lọ sórí àpáta tó sún mọ́ ìràwọ̀ jù, kó lè máa yáná. Ìgbín ń kọjá lọ sí àpáta òkèèrè, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ọmọdé ni ìràwọ̀ yìí, ó máa ń bínú o."

"Iná kékeré yìí? Ìwọ ṣáà máa lọ gbọ̀n!"

Ìràwọ̀ bínú, ó yọ iná lẹ́nu, ó fa aṣọ afẹ́fẹ́ àpáta náà ya. Ẹ̀gà fi orin bẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi gbè é:

"Ìràwọ̀, má gbaṣọ mi o!"
"Rọra jó, rọra."

Ìràwọ̀ tún bínú. Afẹ́fẹ́ di fẹ́lẹ́, ohùn Ẹ̀gà ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Ó bínú lẹ́ẹ̀kẹta, afẹ́fẹ́ tán pátápátá. Ẹ̀gà ń lanu, ó ń kọrin, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde, nítorí afẹ́fẹ́ ló ń gbé orin.

Ẹ̀yin ọmọ, agogo ẹnu mi ṣì ń ró. Kì í ṣe pé Ẹ̀gà purọ́ ni tirẹ̀ kò fi ró mọ́; iná ló sún mọ́ jù.