Ṣẹ́dà Tí Fẹ̀hìntọlá Yọ Ṣùtì Sí

"Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran." Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú yín. Ṣùgbọ́n ta ló mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ẹni tó kọ́kọ́ pa á ti kú tipẹ́, kò sì sọ fún wa ohun tójú rẹ̀ rí. Àwa Yorùbá díẹ̀ tí a ń gbé ní Phnom Penh, olú ìlú Kàmbódíà, kò lè dúró máa wá ìyẹn kiri. A ti fún òwe náà ní gbòǹgbò tiwa, Fẹ̀hìntọlá sì ni gbòǹgbò ọ̀hún.

Télọ̀ ni Fẹ̀hìntọlá, ọmọ Ẹdẹ ni. Iṣẹ́ bọ́ọ̀lù tí ọkọ rẹ̀ ń gbá ló gbé wọn dé ọ̀hún. Obìnrin yìí kò mọ ìjókòó. Bí kò bá ríṣẹ́ ṣe, a máa tú aṣọ ara rẹ̀, a tún un rán. Kò sì sí ẹni tó fẹ́ gbé aṣọ fún àjèjì, àfi Míìng Chanthou tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wọn. "Míìng" ni wọ́n ń pe obìnrin tó bá tó àǹtí ẹni níbẹ̀, nítorí àwọn náà kì í la orúkọ mọ́ àgbà lórí. Míìng Chanthou ló ń kọ́ ọ ní èdè Khmer tí yóò fi máa nájà aṣọ: thlay ni ọ̀wọ́n, thaok ni pọ́ọ́kú, kras ni ohun tó nípọn. Bí o bá ti fi cheang tì í lẹ́yìn, ó di "ju èyí lọ" nìyẹn. Fẹ̀hìntọlá a máa tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹnu rẹ̀ kò sì ní dákẹ́: thaok cheang, kras cheang, thaok cheang.

Nígbà tí ọmọ Míìng Chanthou fẹ́ ṣègbéyàwó, Fẹ̀hìntọlá ni wọ́n gbé ṣẹ́dà ìyàwó fún kó fi rán síkẹ́ẹ̀tì. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé kò lè jẹun. Ìgbéyàwó ku ọ̀túnla ni áyọ́ọ̀nù gbóná jù, tó jó ẹ̀yìn síkẹ́ẹ̀tì náà. Bí iṣẹ́ àkọ́kọ́ bá bàjẹ́, ta ni yóò tún gbé aṣọ wá? Èyí tó sì dùn ún jù ni pé ẹnì kan ṣoṣo tó fọkàn tán an nílùú náà ni òun yóò dójú tì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tó ti forí lé ìsọ̀ tí òun àti Míìng Chanthou ti jọ ra aṣọ náà.

Onísọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn ni. Tùràrí tó tàn sídìí pẹpẹ kékeré kan ṣì ń rú èéfín. Fẹ̀hìntọlá gbójú sókè, ó sì rí i: àwọ̀ wúrà kan náà, etí pupa kan náà, ìyókù tí kò ju síkẹ́ẹ̀tì kan lọ. Ẹ̀yin náà sì mọ ìwà wa: ohun tó bá wù wá jù lọ́jà la máa ń yọ ṣùtì sí jù. Ó fọwọ́ pa á, ó bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

"Ó fẹ́lẹ́. Kò sí èyí tó nípọn ju èyí lọ?"

Obìnrin náà gbé òmíràn wá.

"Èyí tó pọ́ọ́kú ju ìyẹn lọ ńkọ́?"

Ó tún gbé òmíràn wá. Aṣọ kún ilẹ̀ ìsọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Fẹ̀hìntọlá kọ́ ló ń jáde geere, ó sì ń dùn mọ́ ọn.

"Àárọ̀ ṣì ni, àbúrò," ni onísọ̀ wí jẹ́jẹ́. "Mo bá ọ dín in kù. Mú ti àkọ́kọ́ yẹn."

Fẹ̀hìntọlá ju ṣẹ́dà náà sílẹ̀, ó yíjú padà, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ, ó ń retí kí wọ́n pè é. Ní Ẹdẹ, wọn ì bá ti pè é kó tó kúrò lẹ́nu ìsọ̀. Ẹnikẹ́ni ò pè é. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó sáré padà pé òun ti gbà.

"Mi ò tà á mọ́," ni onísọ̀ wí, kò tilẹ̀ wojú rẹ̀.

Obìnrin mìíràn dé, ó mú ìborùn kan, ó sanwó. Onísọ̀ gba owó náà, ó ń fi í lu orí aṣọ kọ̀ọ̀kan tọ́ọ́tọ́ọ́, ẹnu rẹ̀ ń mì, ojú rẹ̀ sì túká. Ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń fowó àkọ́tà ṣe lọ́jà Ẹdẹ gan-an nìyẹn! Ẹni tó bá sì tú ọjà ìyá náà wò láàárọ̀ kùtùkùtù tí kò rà, ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Òun fúnra rẹ̀ ti di ìgbálẹ̀ náà mú rí.

Ọ̀rọ̀ tí Míìng Chanthou kọ́ ọ kò débi ẹ̀bẹ̀. Ló bá kúnlẹ̀. Ó nawọ́ sí owó, ó nawọ́ sí aṣọ, ó ní, "Ìyá mi náà."

Onísọ̀ wá wojú rẹ̀. "Nílé yín náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ wá rò pé àwa kì í ṣe ọlọ́jà?"

Ó tà á fún un ní iye tó kọ́kọ́ pè é. Fẹ̀hìntọlá kò dárúkọ thaok cheang. Ó dé ilé, ó gbé aṣọ tó jó lọ fún Míìng Chanthou, ó jẹ́wọ́. "Mo ti gbóòórùn rẹ̀ láti àná," ni ìyẹn wí. "Mò ń wò ó bóyá wàá sọ fún mi ni. Lọ rán an." Ó rán an, ìyàwó sì wọ̀ ọ́.

Láti ìgbà náà, bí ẹni tuntun bá ṣi ẹsẹ̀ gbé láàárín wa, òwe yìí ni àwọn àgbà fi ń bẹ onílé: àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Wọn kì í fi í bú àlejò. Wọ́n ń pa á nítorí ẹni tó mọ èèwọ̀ kan nílé bàbá rẹ̀, tó wá dé ilé ẹlòmíràn, tó tẹ irú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì ń pa á nítorí ènìyàn kan. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, kì í ṣe àlejò mọ́.