Òkúta Ààrò ní Oríta

"Ẹ súnmọ́ mi, àlọ́ ń bọ̀."
"Kó máa bọ̀, a ti jókòó."

Nílùú àwọn ẹranko, ẹni tí olè bá jà yóò gbé òkúta kan sí oríta. Ọdún bá parí, wọn a ka òkúta náà, wọn a kó o kúrò. Lọ́dọọdún ni òkìtì náà ń kéré sí i, wọ́n sì ń yin Ajá, ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú. Ọ̀bọ ń jowú.

Lóru ọjọ́ kan, ó yọ òkúta ààrò Ewúrẹ́, ó yọ ti Ìgalà, ó yọ ti Ehoro, ó kó wọn sórí òkìtì kí ará ìlú lè lé Ajá. Ó ń kọrin, ẹ gbè é:

"Ajá á lọ o."
"Á lọ."

Ilẹ̀ mọ́, ìkòkò ò dúró lórí ààrò mọ́. Ewúrẹ́ rí òkúta rẹ̀ ní oríta. Ó ní, "Irọ́ nìyí, ẹ kó o kúrò. Olè kankan ò jà mí."

Ajá ní, "Òótọ́ ni, ìyá. Olè jà yín, òkúta ààrò yín ni wọ́n jí. Ẹ wo èérú lọ́wọ́ Ọ̀bọ."

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí owú ò bá jẹ́ kí ẹ sùn lóru, ẹ má jáde, ẹ jí mi, ká jọ sọ̀rọ̀.