Àkójọ Ọ̀rọ̀ Tí Ẹ̀rọ Kò Gbọdọ̀ Kà

Ọkùnrin kan wà tó ka ìwé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà láì ṣí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Má tíì rẹ́rìn-ín, Adéwùsì. O ti sọ tìrẹ láàárọ̀ yìí, mo sì jókòó gbọ́ ọ dé òpin. O ní wọ́n pè ọ́ láti Ìlá pé ara bàbá rẹ kò yá, pé dókítà ní kí àwọn ọmọ máa bọ̀. O ní o kò ní lọ. O ní o ti yẹ gbogbo ayé rẹ wò láti kékeré, o kò rí ibì kan tí bàbá náà ti fẹ́ràn rẹ. Ó dáa. Èmi ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ kò ní bá ọ jiyàn. Àkàwé kan péré ni mo ní, kò sì gùn.

Olùkọ́ ni ọkùnrin náà ní yunifásítì kan, ọ̀mọ̀wé gidi ni. Ohun tó ń wá ni ìgbà tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi aago darí ayé wọn. Ó kó ìwé wọn jọ: ìwàásù, ìwé òfin ìlú, ìwé àwọn arìnrìn-àjò, ìwé àwọn tó ń ṣe aago. Ó tún rí lẹ́tà àwọn ìyàwó ilé gbà. Àwòrán lẹ́tà náà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun, ó kún páálí mẹ́wàá. Ẹnì kan kò lè ka gbogbo èyí tán láyé rẹ̀, kọ̀ǹpútà ni ó fẹ́ kó bá òun kà á. Yóò bi í pé ìgbà mélòó ni wọ́n dárúkọ aago, ìgbà mélòó ni wọ́n sọ wákàtí àti ìṣẹ́jú, àti ọ̀rọ̀ yòówù tó bá jẹ mọ́ àkókò. Ẹ̀rọ yóò kà á kí o tó sín, yóò sì ya ìlà kan sójú rẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ àkókò bá pọ̀ sí, ìlà á gòkè. Níbi tí kò bá sí, ìlà á wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè ka ìwé àfọwọ́kọ ayé ìjelòó. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gba obìnrin kan tó ti tẹ̀wé ní kóòtù fún ọdún mọ́kànlélógún kó tó fẹ̀yìn tì. Yóò fi awò sójú, yóò gbé àwòrán lẹ́tà síwájú, yóò sì máa tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́ta ló fi tẹ páálí mẹ́rin. Ó ti mọ àwọn obìnrin inú lẹ́tà náà bí ẹni mọ ará ilé. Bí ọmọ ọ̀kan nínú wọn bá ń ṣàìsàn nínú lẹ́tà oṣù kẹta, oúnjẹ ọ̀sán kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ àfi tó bá rí lẹ́tà oṣù kẹrin.

Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní àṣà kan. Kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, wọ́n á kọ́kọ́ fún un ní àkójọ ọ̀rọ̀ tí kò gbọdọ̀ kà. Àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ ni, irú èyí tó wà nínú gbogbo ìwé tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí. Wọ́n ń ṣà wọ́n dànù bí ìgbà tí èèyàn ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà kó tó gbé e kaná, kí ọ̀rọ̀ ńláńlá lè hàn. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn a máa wo ohun tó ń ṣà. Ọ̀mọ̀wé yìí kò wò ó. Ẹnì kan ti ṣe àkójọ náà sílẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn, ó gbà á lọ́wọ́ ẹni náà bó ṣe wà, ó sì kì í bọ ẹ̀rọ lẹ́nu. Nǹkan bí ọgọ́sàn-án ọ̀rọ̀ ni. Kò ka ọ̀kan.

Nígbà tí èsì jáde, ìlà àwọn tó ń ṣe aago gòkè bí igi àgbọn. Ti àwọn oníwàásù tẹ̀lé e. Ti àwọn ìyàwó ilé sùn sílẹ̀, kò gbérí rárá. Inú ọ̀mọ̀wé dùn, nítorí èsì tó dájú báyìí ṣọ̀wọ́n. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn obìnrin ayé ìgbà yẹn kò mọ ohun tó ń jẹ́ àkókò, pé wọ́n kàn ń jí, wọ́n ń sùn, bí adìẹ. Wọ́n sì dá ọjọ́ fún un tí yóò sọ ọ́ níwájú gbogbo àwọn àgbà yunifásítì.

Obìnrin atẹ̀wé gbọ́. Ó lọ bá a ní ọ́fíìsì.

"Dókítà," ó ní, "èmi ni mo tẹ àwọn lẹ́tà yẹn. Kò sí ohun mìíràn tí àwọn obìnrin náà ń sọ ju àkókò lọ."

Ọ̀mọ̀wé rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ìyá má bínú, ojú èèyàn a máa ṣe ojúsàájú, a máa rí ohun tó wù ú, ẹ̀rọ ni kò mọ ojúsàájú. Ó fa àga fún un, ó sì fi ìlà náà hàn án kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Obìnrin náà wò ó títí. Ojú tì í, nítorí kò mọ bí èèyàn ṣe ń bá ìlà jiyàn.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ yunifásítì ní kí ọ̀mọ̀wé gé apá kan iṣẹ́ náà kúrò kí èyí tó kù lè yá. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí wọ́n mú lẹ́tà kúrò. Páálí mẹ́fà tí wọn kò tíì tẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí, obìnrin náà sì gba ìwé gbélé-ẹ. Lẹ́tà olójú ewé méjì kan ló wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti tẹ ojú ewé kìíní, èkejì wà lókè páálí tó kàn. Ìyá kan ló kọ ọ́ sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó bá bàbá rẹ̀ jà tó sì fi ilé sílẹ̀. Ìlà tó parí ojú ewé náà ni: "Bàbá rẹ ṣì ń bèèrè rẹ. Wá kí òjò dídì tó dí ọ̀nà." Obìnrin atẹ̀wé bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kàn jẹ́ kí òun wo ojú ewé kejì kí òun tó lọ. Wọ́n ní páálí ti lọ.

Ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pé, gbọ̀ngàn kún. Kí ibẹ̀ lè dùn ún wò, ọ̀mọ̀wé ti bẹ ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe ládùúgbò pé kó gbé aago ògiri àtijọ́ kan wá, irú èyí tí irin gígùn ń mì nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé e wá, ó sì jókòó tì í, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Báyìí ni ó ṣe gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n ní ta ló ní ìbéèrè, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè èyí tó gùn ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ẹ̀yìn wọn ni ọkùnrin aláago nawọ́.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. "Iṣẹ́ ọwọ́ ni tèmi. Bí mo bá tú aago, gbogbo ohun tí mo bá yọ, orí aṣọ funfun ni mo ń tò ó sí, títí kan nọ́ọ̀tì tí kò tó ẹyọ ìrẹsì. Torí bí mo bá tò ó pa dà tí kò ṣiṣẹ́, orí aṣọ yẹn ni mo kọ́kọ́ ń wò. Kí ni ẹ̀yin yọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀?"

Ìbéèrè náà dùn mọ́ ọ̀mọ̀wé nínú, nítorí ó rọrùn. Ó ní ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ lásán ni, ó gbé àkójọ náà sára ògiri kí gbogbo èèyàn lè rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè fún un. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n kí n fi tiwa sọ ọ́ fún ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa: 'àti', 'sí', 'fún', 'pẹ̀lú'. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó kan 'nígbà'. Ó kan 'kí ó tó'. Ó kan 'lẹ́yìn', àti 'láti', àti 'títí'. Ó kan 'nísinsìnyí'. Nígbà tó dé 'ṣì', ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ débi pé aago ògiri ni wọ́n ń gbọ́.

Ṣé ó yé ọ? Àwọn obìnrin inú lẹ́tà kò ní aago nílé. Aago wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wà nílé ọlọ́lá. Ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ ni àwọn fi ń di àkókò mú. Ọ̀kan á kọ ọ́ sí ọkọ rẹ̀ pé: "N kò ní fọ fìlà rẹ títí o fi dé." Ẹlòmíràn á ní: "Máa bọ̀ kí a tó ká èso." Ẹlòmíràn á tún ní: "Láti ìgbà tí o ti lọ, iyọ̀ ọbẹ̀ mi kò dọ́gba mọ́." Ìfẹ́ wọn àti ẹ̀rù wọn, inú ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ló wà, ọkùnrin náà sì ti kó gbogbo rẹ̀ dànù kó tó wá sọ pé òun kò rí nǹkan kan. Kò purọ́ o. Lóòótọ́ ni kò rí i. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ọ̀mọ̀wé pa dà sídìí ẹ̀rọ, ó dá àwọn ọ̀rọ̀ náà pa dà sáyè wọn. Ìlà àwọn ìyàwó ilé dìde, ó kọjá ti àwọn tó ń ṣe aago. Lọ́jọ́ kejì ó wá ilé obìnrin atẹ̀wé lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti kóòtù lọ́rùn. Ó bẹ̀ ẹ́ kó pa dà síbi iṣẹ́. Obìnrin náà kò bú u. Ohun kan ṣoṣo ló bi í.

"Ojú ewé kejì ńkọ́?"

Àwọn méjèèjì jọ lọ ṣí yàrá ẹ̀yìnkùlé ni. Ikán ti jẹ páálí méjì nínú mẹ́fà. Èyí tí wọ́n ń wá wà nínú méjì náà, iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n bá lókè rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé kọ̀wé sí òkè òkun. Wọ́n ní àwọn ti ta ojúlówó lẹ́tà náà, àwọn kò sì tọ́jú àwòrán mìíràn. Obìnrin náà tẹ páálí mẹ́rin tó kù. Ọ̀mọ̀wé tún ìwé rẹ̀ kọ, ó fi orúkọ obìnrin náà ṣáájú tirẹ̀. Ó ṣeun. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí wọ́n bá jókòó jẹun ọ̀sán, obìnrin náà a máa béèrè bóyá ọmọ yẹn lọ kí bàbá rẹ̀.

Adéwùsì, ìwọ ni mo ń bá wí. O ní o wá ìfẹ́ bàbá rẹ, o kò rí i. N kò ní o purọ́. Àkójọ ohun tí o kọ́kọ́ yọ ni mo fẹ́ kí o tò sórí aṣọ funfun. Ọ̀rọ̀ ńláńlá ni o wá. Ó yẹ kí bàbá rẹ yìn ọ́ lójú èèyàn, kò yìn ọ́. Ó yẹ kó wá síbi tí o ti gboyè, kò wá. Ó le, ọwọ́ rẹ̀ sì yá sí pàṣán. Èmi náà bá a jà lórí rẹ̀, ó ṣì ń dùn mí. Ìlà rẹ̀ sùn sílẹ̀, mo gbà.

Ṣùgbọ́n mo gbé ilé yín fún ọdún méjì nígbà tí mo ń ṣe tíṣà ní Ìlá. Bàbá rẹ kì í jẹun ìrọ̀lẹ́ títí o fi dé láti ilé ẹ̀kọ́. Á ní ebi kò tíì pa òun. Lọ́jọ́ ìdánwò, kí o tó jí, ó ti nu bàtà rẹ, ó ti gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti bọ́ sí oko kí o má baà rí òun níbẹ̀. Lẹ́yìn tí o bínú lọ, kò pe orúkọ rẹ mọ́. Ìyẹn ni ìwọ gbọ́. Ohun tí o kò gbọ́, tí ìyá rẹ sọ fún mi, ni pé láti ọjọ́ náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn sí yàrá rẹ. O ti ṣa gbogbo èyí dànù bí òkúta. Ẹ̀wà gan-an ni wọ́n.

Ọmọ inú lẹ́tà yẹn, a kò ní mọ̀ láé bóyá ó lọ. Tìrẹ, ikán kò tíì débẹ̀. Ọkọ̀ Ìlá tó ń lọ lọ́sàn-án kò tíì kún. Kí o tó wọlé láàárọ̀ yìí, ìyá rẹ ti pè mí, mo sì bi í pé ara ọkọ rẹ̀ ńkọ́. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní bàbá rẹ ṣì ń bèèrè rẹ. Má yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú ohun tó sọ yẹn. Dìde, máa lọ.