Owó Ṣáínà Tí Láníyọnu Gbé Lọ Sílé Àna

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Láníyọnu gbé owó idẹ oníhò kan lọ sílé àna rẹ̀. Ó ní owó àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà ni, ogún ìdílé àwọn.

Bàbá ìyàwó ní, "Bó bá jẹ́ ayédèrú, kò síyàwó."

Ó fi òòfà kàn án, kò lẹ̀ bí ayédèrú onírin ṣe ń lẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó dúdú bí ohun àtijọ́.

"Ojúlówó ni." Bàbá fẹ́ jù ú sápò agbádá funfun rẹ̀.

Láníyọnu, ọmọ tó mọ̀wàá hù, dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ba aṣọ yín jẹ́. Ọ̀dà ara rẹ̀ ò tíì gbẹ."

Ìgbájú àkọ́kọ́, ọwọ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló ti wá.