Iyán Ọ̀gá Oníwáyà
Ọ̀gá tẹlifíṣọ̀n oníwáyà ní kí ìlú Òkè-Ìrorò tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn tuntun lójú ẹsẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á gé wáyà. Ìlú ní kó kọ ẹni tí yóò máa wá ṣàtúnṣe kún un torí òjò máa ń ba àwòrán jẹ́, ó fàáké kọ́rí. Fadérera, alága kánsù, wo ojú ọ̀run tó ṣú, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹun ná.” Ó gbé iyán fún un, ó tan tẹlifíṣọ̀n sí bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ tí ọ̀gá fẹ́ràn fẹ́ gba pẹnáritì báyìí ni òjò dé, àwòrán lọ. Ọ̀gá fò dìde, ó ń gbá tẹlifíṣọ̀n létí: “Ta lẹ máa ń pè tó bá lọ báyìí?” Fadérera na ìwé àdéhùn àti bírò sí i: “Ohun táwa náà ń bi yín nìyẹn. Ẹ kọ èsì rẹ̀ síbí.” Ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́, iyán ṣì wà lọ́tùn-ún.