Òkété Kó Ẹ̀pà Yíyan Lọ sí Òdìkejì Odò

Àlọ́ mi rìn títí, ó lọ dúró lẹ́nu ihò Òkété.

Oyin ń wu Òkété débi pé ó ń pọ́nu lá lójú oorun. Ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀bọ, ní òdìkejì odò, nìkan ni oyin wà, ẹ̀pà yíyan ni wọ́n sì ń gbà pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ọ̀yà mọ ẹ̀pà yan, ṣùgbọ́n ẹ̀pà wọn kì í dé ọ̀hún. Ẹfọ̀n tó ń ṣọ́ ẹnubodè a ní òun fẹ́ tọ́ ọ wò. Ìtọ́wò Ẹfọ̀n, ààbọ̀ agbọ̀n ni. Ọ̀nì tó ń gbé èrò sọdá odò a tọ́ ìyókù wò.

Òkété ní, "Ẹ kó o wá, màá bá yín tà á."

Ọ̀yà bi í pé, "O ò ní jẹ oyin wa?"

"Èmi? Òórùn oyin kì í bá mi lára mu."

Ọmọ mẹ́rin ló ń wojú Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ fún Òkété, Ọ̀yà náà gbé tirẹ̀ fún un.

Ní ẹnubodè, Ẹfọ̀n na ẹnu sí agbọ̀n.

Òkété ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, oògùn ni! Oníwo tó bá jẹ ẹ́, ìwo rẹ̀ á bọ́. Ṣebí ẹ mọ ìyàwó Àgbọ̀nrín? Ó ní ìwo tẹ́lẹ̀."

Ẹfọ̀n ronú sí ìyàwó Àgbọ̀nrín. Lóòótọ́, kò ní ìwo. "Tètè máa lọ," ló wí.

Nígbà tí Òkété dé odò, eyín ni oògùn náà ń ká. Ọ̀nì, tí eyín rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo ẹbí Òkété lọ, panu mọ́, ó gbé e sọdá. Bí wọ́n ti gúnlẹ̀, àánú àwọn Ọ̀bọ ṣe Ọ̀nì, ó pariwo: "Ẹ má jẹ ẹ́ o! Eyín yín á ká!"

Olórí Ọ̀bọ fa ìkòkò oyin sẹ́yìn. "Òkété, ṣé òótọ́ ni?"

Bó bá ní òótọ́ ni, kò sí oyin. Bó bá ní irọ́ ni, Ọ̀nì ń gbọ́. Ẹlòmíràn ì bá dúró rò ó. Òórùn oyin ò jẹ́ kí Òkété rò ó.

"Irọ́ ni! Ẹ̀pà lásán ni! Mo kàn fi tan òpònú yìí ni!"

Ọ̀nì ní, "Áà. Ẹ̀pà lásán." Ó tọ́ agbọ̀n kìíní wò títí dé ìdí, ó tọ́ èkejì wò. "Ó dùn." Ó wá gbé Òkété padà. Ìrù ló fi eyín dì mú.

Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ọ̀yà ti ń dúró létí odò pẹ̀lú ìkòkò òfìfo. Òkété ṣàlàyé títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò bú u. Ó kàn na ọkọ́ sí i.

"Ṣebí o mọ ilẹ̀ gbẹ́? Ó yá, gbin ẹ̀pà wa padà."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà, ẹ gbọ́: bí ẹ bá ń wá ọ̀nà tí ọjà yín yóò gbà kọjá, ẹ má ṣe bà á lórúkọ jẹ́.